Kí ni "outlet"? Ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ ra ọjà olórúkọ ní ẹ̀dínwó

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí irú ẹ̀ kì í wọlé sórí WhatsApp mi: àwòrán báàgì kan, iye owó tí wọ́n fa ìlà pupa gba àárín rẹ̀, iye mìíì tó kéré sí i nísàlẹ̀, ìbéèrè á wá tẹ̀lé e: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní outlet ni. Ṣé ojúlówó ni àbí fèkì?" Àwọn ará Ìbàdàn ń bèèrè. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Peckham ní London ń bèèrè. Ẹnì kan tó ti ń gbé Houston láti bí ọdún mẹ́wàá náà bi mí lọ́jọ́sí. Mo dáhùn títí ó fi sú mi, ni mo ṣe jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdáhùn kúkúrú nìyí. Tó bá jẹ́ outlet lóòótọ́, ojúlówó ni. Ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ náà ló ń tà á. Ṣùgbọ́n kò dájú pé ohun kan náà ni pẹ̀lú èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá wọn, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ta ọjà ní iye kíkún, kò sì dájú pé ẹnikẹ́ni san iye tí wọ́n fa ìlà gbà yẹn rí. Ibi méjì yìí ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn.

## Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ

Ní Èkó, tí wọ́n bá ní "outlet wa wà ní Ìkẹjà, ọ̀kan wà ní Lẹ́kì", ẹ̀ka ni wọ́n ń sọ. Ilé oúnjẹ lè ní outlet mẹ́wàá, owó kan náà lẹ ó san níbi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, outlet ni ṣọ́ọ̀bù tí ilé iṣẹ́ olórúkọ ti ń ta ọjà ara rẹ̀ ní ẹ̀dínwó, lọ́pọ̀ ìgbà níbi tó jìnnà sí àárín ìlú, tí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ pọ̀ sójú kan bí ìsọ̀ inú ọjà. Ní Amẹ́ríkà, ojú iná ara ògiri náà ń jẹ́ outlet. Àbúrò mi kan bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbà á sílé pé níbo ni outlet wà, wọ́n ní kó wo ẹ̀yìn àga.

Ọjà tó wà nínú outlet pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́kàn, torí gbogbo ohun tó kù dá lé wọn lórí.

Àṣẹ́kù. Wọ́n tà á ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, àkókò rẹ̀ kọjá, ó ṣẹ́ kù, wọ́n kó o wá. Òun ni gbogbo wa rò pé a ń rà. Tí ọwọ́ yín bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ti jèrè.

Alábùkù. Ó ní àléébù díẹ̀: okùn tó yà, àwọ̀ tí kò dọ́gba, ojú ibi tí gúlúù ti yọ. Wọ́n máa ń kọ "seconds", "irregular" tàbí "B-grade" sí i lára.

Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún outlet. Kò dé ṣọ́ọ̀bù ńlá rí. Orúkọ kan náà ló ń jẹ́, àmọ́ awọ rẹ̀ lè fúyẹ́ jù, aṣọ inú rẹ̀ lè fẹ́lẹ́ jù, ike lè rọ́pò irin. Kò sí irọ́ nínú ọjà náà fúnra rẹ̀. Ara àmì owó ni irọ́ máa ń wà, nígbà tí wọ́n bá kọ iye kan bí ẹni pé wọ́n ti tà á bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ yìí le débi pé ní oṣù kìíní ọdún 2014, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà mẹ́rin, lára wọn Sheldon Whitehouse àti Edward Markey, kọ̀wé sí FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà níbẹ̀, pé kó wádìí bí wọ́n ṣe ń kọ iye sára ọjà outlet. Wọ́n sọ nínú lẹ́tà yẹn pé ìròyìn láti inú òwò náà fojú bù ú pé ọjà tí wọ́n dìídì ṣe fún outlet lè ju ìdá márùnlélọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ẹ gbọ́ dáadáa: ọ̀nà kẹta yìí kì í ṣe ohun burúkú. Mo ní ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́, wọn ò tíì ṣe mí ní nǹkan kan. Owó ṣẹ́ẹ̀tì lásán ni mo fi rà wọ́n, ìyẹn ló jẹ́ kó dáa.

## Àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ ó rí lára àmì owó

- RRP ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, MSRP ní Amẹ́ríkà: iye tí ilé iṣẹ́ dá lábàá pé kí wọ́n máa tà á. Àbá ni.
- Compare at: iye tí wọ́n ní *irú* ọjà bẹ́ẹ̀ ń lọ níbòmíì. Irú rẹ̀ ni wọ́n wí, wọn ò ní òun gan-an.
- Was / Now: iye àná àti iye òní. Ẹ bèèrè pé níbo ló ti jẹ́ iye àná.
- End of line, past season: wọn ò ṣe é mọ́. Ọ̀rọ̀ tó máa ń dùn mọ́ mi jù nìyí.
- Final sale: tẹ́ ẹ bá ti gbé e, ó ti di tiyín. Wọn ò ní gbà á padà torí pé ọkàn yín yí.
- Factory lẹ́yìn orúkọ, bíi Gap Factory: ẹ̀ka tó ní ọjà tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí wọ́n máa ń dà pọ̀ mọ́ outlet: off-price. TK Maxx ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti TJ Maxx ti Amẹ́ríkà, tí ilé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n, kì í ṣe outlet. Oníṣòwò ni wọ́n. Wọ́n ń ra ọjà tó pọ̀ jù àti àṣẹ́kù lọ́wọ́ oríṣiríṣi ilé iṣẹ́, wọ́n sì ń tà á sábẹ́ òrùlé kan, pẹ̀lú àwọn ọjà kan tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe fún wọn. Nordstrom Rack àti Saks OFF 5TH wà láàárín: ọmọ ìyá ṣọ́ọ̀bù ńlá ni wọ́n, ẹ̀dínwó ni tiwọn.

## Kí ẹ tó kúrò nílé

1. Ẹ mọ ohun tí ẹ ń wá. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé: bàtà dúdú onídè, nọ́ńbà 43, kóòtù òtútù fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹni tó bá lọ sí outlet láti "wo ohun tó wà", báàgì mẹ́rin ló máa gbé bọ̀, bàtà tó tìtorí ẹ̀ lọ kò ní sí níbẹ̀.

2. Ẹ wo iye rẹ̀ lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ náà lónìí. Iye tí wọ́n ń tà á lónìí lẹ fẹ́, ẹ má fi RRP ṣe é. Ṣọ́ọ̀bù ńlá náà máa ń já owó lulẹ̀, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí mi pé ohun tí mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ rà, ó wà lórí fóònù mi ní pọ́n-ùn mẹ́rin dín.

3. Ẹ gba ìwọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó rán yín. Ẹ má gba "mo ń wọ 8" lásán. Nọ́ńbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà ò bára mu. Kí ẹni náà fi ẹsẹ̀ lé bébà, kó fa ìlà yí i ká, kó fi rúlà wọ̀n ọ́n láti gìgísẹ̀ dé orí ọmọ ìka tó gùn jù, kó fi iye sẹ̀ǹtímítà ránṣẹ́. Inú bàtà Nike, fún àpẹẹrẹ, máa ń ní CM lára. Fún aṣọ, kó wọn èyí tó bá a mu tó ti ní nílé.

4. Ẹ fi owó ọ̀nà kún un. Láti ibùdókọ̀ ojú irin Marylebone ní London dé Bicester Village, ọgbà outlet tó wà ní Oxfordshire, kò tó wákàtí kan, ojú irin náà sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ọ̀fẹ́. Tó bá jẹ́ bàtà kan ṣoṣo lẹ fẹ́ rà, London Designer Outlet ní Wembley Park wà lójú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Jubilee àti Metropolitan. Ẹ ò ní kúrò ní London. Ẹni tó wà lápá Liverpool tàbí Manchester ní Cheshire Oaks. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ará New York máa ń lọ sí Woodbury Common, àwọn ará Houston ní tiwọn ní Cypress.

5. Ẹ yan ọjọ́. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìlà tó wà níwájú yàrá ìwọṣọwò nìkan tó lé yín sílé.

## Nínú ṣọ́ọ̀bù

1. Ẹ fi àtàǹpàkò bo iye náà. Mi ò ṣàwàdà. Mo máa ń gbé ọjà náà, mo á fi ìka bo àmì owó, mo á yẹ̀ ẹ́ wò, mo á sọ fún ara mi pé èyí, mo lè san ogójì pọ́n-ùn lé e. Ẹ̀yìn náà ni mo tó ṣí ìka. Tí iye wọn bá kéré sí tèmi, a jọ ń sọ̀rọ̀. Tó bá jù ú lọ, mo dá a padà, ì báà jẹ́ pé RRP rẹ̀ jẹ́ irínwó. Ìlà pupa yẹn ló ń tan ojú. Ẹ má jẹ́ kó kọ́kọ́ bá yín sọ̀rọ̀.

2. Ẹ wo àmì inú. Inú ọrùn aṣọ, inú àpò kékeré tó wà nínú báàgì, abẹ́ ahọ́n bàtà. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń fi àmì kékeré ya ti outlet sọ́tọ̀. Aṣọ Gap Factory máa ń ní àmì onígun mẹ́rin kéékèèké mẹ́ta lábẹ́ orúkọ Gap. Ti Brooks Brothers, fún ọ̀pọ̀ ọdún, "346" ni wọ́n ń kọ sára ti outlet. Kò sẹ́ni tó máa pè yín wá wò ó. Ẹ̀yin lẹ ó yí ọrùn aṣọ síta.

3. Ẹ wá nọ́ńbà ọjà náà lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ ọjà olórúkọ ló ní nọ́ńbà. Ti Nike máa ń jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà, àmì ìdágbé, nọ́ńbà mẹ́ta tó dúró fún àwọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú Google bó ṣe wà. Tó bá gbé ṣọ́ọ̀bù ńlá wọn àti ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹlòmíì jáde, àṣẹ́kù ni, ẹ ó sì rí iye tí wọ́n tà á gan-an. Tí kò bá sí níbì kankan àfi outlet, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀nà kẹta ló jọ.

4. Ẹ fọwọ́ kàn án. Níbí ni mo fẹ́ ká dúró díẹ̀. Mo ní ṣẹ́ẹ̀tì olọ́rùn méjì, orúkọ kan náà, àwọ̀ búlúù kan náà, ọ̀kan láti ṣọ́ọ̀bù ńlá, ọ̀kan láti outlet. Mo tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bọ́tìnnì ti àkọ́kọ́ tutù lára eyín, ìkarahun ni. Ti èkejì jẹ́ ike, kò tutù. Àkọ́kọ́ ní aṣọ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi lé ibi tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti là, kó má baà ya. Èkejì, wọ́n kàn ká etí rẹ̀ rán ni. Mo ki ọwọ́ bọ inú àwọn méjèèjì lójú fèrèsé, mo rí ìka márùn-ún mi nínú èkejì. Lórí háńgà nínú ṣọ́ọ̀bù, ìbejì ni wọ́n.

Ẹ yẹ ìwọ̀nyí wò:

- Síìpù: ẹ fà á lọ fà á bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé irin ni àbí ike tí wọ́n kun?
- Ojú rírán: ṣé ó tọ́, ṣé okùn ò já níbi tí ọwọ́ báàgì ti so mọ́ ara?
- Aṣọ tó ní ìlà tàbí òdòdó: ṣé ìlà pàdé ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ àti lára àpò?
- Awọ: ṣé awọ lódindi ni, àbí wọ́n kun etí rẹ̀ kó lè jọ awọ? Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sínú.
- Bàtà: ṣé ìsàlẹ̀ rẹ̀ rán mọ́ ọn, àbí gúlúù nìkan?

5. Ẹ gbé e lọ sójú ọjọ́. Èyí ni mo fi ojú ara mi rí. Mo ra bàtà awọ aláwọ̀ ilẹ̀ kan fún ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní outlet kan tí mi ò ní dárúkọ. Iná inú ṣọ́ọ̀bù pọ́n, bàtà ń dán, mo sanwó. Ní Abẹ́òkúta, lójú oòrùn níwájú gbọ̀ngàn, ayàwòrán wolẹ̀, ó gbójú sókè wò mí, ó ní: "Bọ̀dá, ṣé bàtà kan náà lẹ wọ̀?" Ẹsẹ̀ òsì dúdú ju ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, gbangba. Mo padà dé, mo gbé páálí rẹ̀ wò, sítíkà róbótó kan wà lórí ìdérí tí mi ò kíyè sí, ó kọ "B-grade". Wọn ò gbà á padà, wọn ò sì jẹ̀bi: wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀. Látìgbà náà, mo máa ń gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo á sì ní kí òṣìṣẹ́ wọn kan tẹ̀ lé mi kí wọ́n má baà rò pé mo fẹ́ sá.

6. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́: ṣé wọ́n ti ta èyí ní ṣọ́ọ̀bù ńlá yín rí, àbí ti outlet nìkan ni? Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí wọ́n ṣe ń sọ òótọ́. Ẹni tó dúró síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀gá, kò ní ohun tó ń fi pa mọ́. Ìkejì: ọjọ́ mélòó ni mo ní láti dá a padà, ṣé owó lẹ ó fún mi àbí káàdì, ṣé mo sì lè dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù yín tó wà láàárín ìlú? Ìdáhùn sí èyí tó kẹ́yìn máa ń jẹ́ rárá.

7. Ẹ ṣírò rẹ̀ tán kí ẹ tó dé ìdí káńtà. Ní Amẹ́ríkà, owó orí ò sí lára àmì. Ìdí káńtà ló ti ń wọlé. Ní Houston, 8.25% ni, nítorí náà ọjà $100 di $108.25. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, VAT ti wà nínú iye tẹ́ ẹ rí, aṣọ àti bàtà ọmọdé kò sì ní VAT rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti Nàìjíríà ṣèbẹ̀wò, ẹ má wulẹ̀ bèèrè fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gba VAT padà ní pápákọ̀ òfuurufú. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021 ni wọ́n ti fòpin sí i fún ọjà tẹ́ ẹ bá rà ní ṣọ́ọ̀bù England, Scotland àti Wales tí ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín gbé lọ.

## Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí lójoojúmọ́

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ìṣirò. Wọ́n kọ "70% off", wọ́n tún lẹ "extra 20%" mọ́ ọn, àwọn èèyàn á ní ó ti di àádọ́rùn-ún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ £100 sí, ẹ yọ àádọ́rin, ó ku £30. Inú ọgbọ̀n yẹn ni wọ́n ti máa yọ ogún nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn £6. £24 lẹ ó san. Ó ṣì dáa, àmọ́ kì í ṣe £10 tẹ́ ẹ ti fi ọkàn sí.

Ìkejì ni kéèyàn máa náwó kó lè "jèrè" sí i: ẹ ra méjì, kẹta á di ìlàjì owó. Ta ló fẹ́ kẹta? Ìyàwó ilé mi ra abọ́ ìsebẹ̀ mẹ́ta lọ́nà yìí. Ìkẹta ṣì wà nínú páálí lórí kọ́bọ́ọ̀dù, a ń wá ẹni tó máa ṣègbéyàwó.

Àwọn kan gbà pé ohun tó wà ní outlet kò ní ẹ̀tọ́ kankan lábẹ́ òfin nítorí pé ẹ̀dínwó ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irọ́ pátápátá ni. Consumer Rights Act ọdún 2015, òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà, kò ya outlet sọ́tọ̀. Tí ọjà bá ní àléébù tí wọn ò sọ fún yín, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá a padà kẹ́ ẹ sì gba owó yín pé pérépéré. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ ṣì lè ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tí òfin ò gbà ni kẹ́ ẹ dá a padà nítorí àléébù tí wọ́n ti fi hàn yín kẹ́ ẹ tó rà á, bíi bàtà mi ọjọ́sí. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ kàn yí ọkàn padà, ọwọ́ ìlànà ṣọ́ọ̀bù náà lẹ wà, àfi tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti rà á: ibẹ̀, ọjọ́ mẹ́rìnlá ni òfin fún yín láti ọjọ́ tó dé ọwọ́ yín. Amẹ́ríkà ò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí òfin àpapọ̀ tó ní kí wọ́n gbà á padà torí ọkàn tó yí. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, nítorí náà ẹ ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí káńtà.

Nínájà ńkọ́? Ẹ má ná an bíi ti Balógun. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí àbùkù kékeré tí wọn ò kọ, okùn tó já, bọ́tìnnì tí kò sí, ẹ fi han ọ̀gá wọn jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè dín nǹkan kúrò. Ìdá mẹ́wàá ni wọ́n máa ń bá mi yọ nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ lè má rí i dá padà nítorí àbùkù yẹn, ẹ fi sọ́kàn.

## Tó bá jẹ́ pé Nàìjíríà lẹ wà, tí ẹnì kan ń tà á fún yín

Ọ̀rọ̀ yìí gùn. "Outlet" ti di aṣọ tí gbogbo ọjà ń gbé wọ̀ lórí Instagram. Òkìrìkà tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n lọ̀ ní Yàbá, wọ́n á pè é ní outlet. Fèkì tí wọ́n rà ní Balógun, outlet. Òkìrìkà tó dáa kì í ṣe ohun ìtìjú, èmi náà ń wọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n ti lò rí ni, ẹ má san owó tuntun lé e lórí ni mo ń wí.

Ẹ bèèrè ìwọ̀nyí kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́:

- Àwòrán àmì inú, tó hàn ketekete, pẹ̀lú nọ́ńbà ọjà.
- Àwòrán rìsíìtì tó ní ọjọ́ àti orúkọ outlet. Ẹni náà lè fi ìka bo nọ́ńbà káàdì rẹ̀.
- Fídíò kúkúrú tó yí ọjà náà po, kì í ṣe àwòrán tó wá láti ìkànnì ilé iṣẹ́.
- Iye tó fẹ́ kó lé e, lọ́tọ̀ sí iye tó rà á. Ẹni tó bá ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tọkàntọkàn á sọ ọ́ láìbínú.

Ẹ mọ̀ pé gbogbo orúkọ kọ́ ló ní outlet. Louis Vuitton kò ní. Ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ àti ìkànnì tirẹ̀ nìkan ló ti ń tà, kì í sì í ṣe ẹ̀dínwó. Ẹni tó bá ní "LV outlet" lòun ti rà á, ẹ kí i kẹ́ ẹ máa lọ. Bákan náà ni àwọn ìkànnì tí wọ́n so orúkọ ńlá mọ́ "outlet" nínú àdírẹ́sì wọn, tí gbogbo ọjà ibẹ̀ jẹ́ 90% off. Ẹ wọ ìkànnì ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ẹ wo ibi tí wọ́n to àwọn ṣọ́ọ̀bù wọn sí. Outlet tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má kà á kún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ ẹ ń bá ará ilé ra nǹkan, tí iye ọjà kan bá ju £100 lọ, káàdì kírẹ́dítì ni kẹ́ ẹ fi san án. Section 75 inú Consumer Credit Act ọdún 1974 mú kí báńkì tó ni káàdì náà bá ṣọ́ọ̀bù pín ẹ̀bi tí nǹkan bá dàrú, títí dé £30,000. Káàdì débítì ò ní irú agbára yìí lábẹ́ òfin.

## Tí outlet ò bá bá yín lára mu

Ẹ dúró de ẹ̀dínwó ṣọ́ọ̀bù ńlá gan-an: ọjọ́ kejì Kérésìmesì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Black Friday níbi méjèèjì. Níbẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ọjà ṣọ́ọ̀bù ńlá fúnra rẹ̀ ni wọ́n dín owó rẹ̀, wọn ò ṣe òmíràn dípò. Kóòtù kan ṣoṣo tí mo ní tó ti lo ọdún mẹ́jọ, irú ẹ̀dínwó yìí ni mo fi rà á.

TK Maxx dáa fún ohun èlò ìdáná, aṣọ ìdùbúlẹ̀ àti ọṣẹ. Fún aṣọ, ẹ nílò sùúrù àti ẹsẹ̀ líle. Charity shop, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun tí àwọn èèyàn fi tọrẹ, ní àwọn àdúgbò olówó máa ń ní ojúlówó tí ẹnì kan wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré. Ìkànnì Vinted náà wà, níbi tí olúkúlùkù ti ń ta ti inú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, àmọ́ ẹ yẹ àwòrán wò dáadáa. Àwọn tó wà ní Texas, ẹ fi òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kẹjọ sọ́kàn, tí wọn kì í gba owó orí lórí ọ̀pọ̀ aṣọ àti bàtà tí iye rẹ̀ kò tó $100. Ọjà outlet náà wà lára rẹ̀.

## Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rà á

1. Ẹ ya rìsíìtì ní fọ́tò lọ́jọ́ náà gan-an. Bébà wọn máa ń funfun láàárín oṣù díẹ̀, ẹ ó sì rí i pé gbogbo ohun tí wọ́n kọ ti pòórá.
2. Ẹ má gé àmì owó kúrò títí ẹni tó rán yín yóò fi wọ̀ ọ́ wò lórí fídíò, bó bá ṣeé ṣe.
3. Ẹ kọ ọjọ́ tí ìdápadà yóò parí sórí kàlẹ́ńdà fóònù yín. Tí ọjà bá ń lọ sílé pẹ̀lú ẹni tó ń rìnrìn àjò lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, ẹ ti mọ̀ pé kò ní lè padà.
4. Ẹ yọ páálí bàtà dànù kẹ́ ẹ tó di ẹrù, ẹ ki ìbọ̀sẹ̀ sínú bàtà kó má baà tẹ̀. Kílò mẹ́tàlélógún ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ń gbà fún báàgì kan, páálí á sì gba àyè tí aṣọ ò bá gbà. Ẹ gé apá tí nọ́ńbà ọjà wà lára páálí, kẹ́ ẹ fi sínú bàtà, torí ẹni tó gbà á máa bèèrè.